Wọ́n Kà Mí Mọ́ Àwọn Tó Dìde

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù Kẹfà

Mo jẹ́ ìròyìn kánsù fún àwọn ará wọ́ọ̀dù mi lónìí nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, bí mo ṣe máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn tó wá ò pọ̀. Òjò ń rọ̀, páànù gbọ̀ngàn yẹn sì ń pariwo bí ẹni ń da òkúta lé e lórí, ó di dandan kí n máa kígbe. Mo ní kánsù ti fọwọ́ sí gọ́tà àdúgbò àwọn kápẹ́ńtà. Mo ní iná òpópónà mẹ́ta tó kú máa tàn kí oṣù yìí tó parí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní omi ẹ̀rọ ń bọ̀. Ìyá kan lẹ́yìn nawọ́: "Kánsẹ́lọ̀, láti èṣí lẹ ti ní ó ń bọ̀. Ṣé ìdí ló fi ń wọ́ ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a túká, nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun gbọ́ pé Alága kánsù fẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí náà pa, kó sọ ọ́ di ọ́fíìsì àwọn agbowó-orí, kí àwọn aláboyún máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánsù. Mo ní irọ́ ni. Òdìkejì odò ni ilé ìwòsàn ńlá wà, afárá tó lọ síbẹ̀ kì í sì í ṣe é gbà bí òjò bá ti rọ̀ gidi. Ta ni orí ẹ̀ pé tó máa ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Kánsẹ́lọ̀, ẹ lọ béèrè."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Kì í ṣe irọ́. Àbá náà wà nínú ìwé tí akọ̀wé kánsù pín fún wa láàárọ̀: "Kíkó àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké jọ sójú kan." Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n fún un! Ìparí oṣù Keje ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn.

Mo gba ọ́fíìsì Alága lọ tààrà. Ó ní kí wọ́n gbé mínírà tútù wá fún mi. "Kánsẹ́lọ̀ onídìrí, ẹ fara balẹ̀. Òrùlé ibẹ̀ ń jò, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ò fẹ́ ohun tó dáa fún àwọn èèyàn yín ni?" Mo ní bí òrùlé bá ń jò, òrùlé là ń tún ṣe, a kì í lé onílé jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká pàdé lọ́jọ́bọ̀, kí ilé dìbò sí i. Mi ò mu mínírà rẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo dé ìta, torí oòrùn mú gan-an.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délé. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì wa ló forúkọ sílẹ̀ sí. Àkọ́bí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bí i sórí afárá yẹn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ti ibẹ̀ pa. Ó ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lọkàn mi balẹ̀ lé."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò látàárọ̀. Orí kan ṣoṣo ni mo dì. Irun tí a fi ń dì í tún ti gbówó lórí, ẹni tó ń tà á ní dọ́là ló fà á. Bí mo bá bi í léèrè òjò, á ní dọ́là náà ni.

Mo ka orí wa. Àwa mọ́kànlá là ń dìbò, Alága kì í dìbò àfi tí ó bá di ọgbọọgba. Márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa márùn-ún lòdì sí i: èmi, Bàbá Ọ̀pá, àti àwọn mẹ́ta tí a jọ máa ń sọ òótọ́ síra wa. Ó ku kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kẹrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Aránṣọ torí iṣẹ́ rẹ̀. Aránṣọ kì í sọ ibi tó ń lọ fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa yí i mọ́ mi lọ́wọ́.

Nílé ìgbìmọ̀ wa, a kì í nawọ́ dìbò. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá a dìde, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn a jókòó síbi tó wà, akọ̀wé a sì ka àwọn tó dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

A ti sọ̀rọ̀ tán. Mo ti sọ tèmi, ó sì wọ̀ wọ́n létí, kódà mo rí ẹnìkan nínú àwọn èèyàn Alága tó ń mi orí. Alága ní, "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó dìde." Mo fìdí lé àga, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àfi bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi ṣe ṣí, tí Bàbá Ọ̀pá wọlé, òjò ti pa wọ́n bí ẹyẹ. Bàbá yìí ló dàgbà jù nínú wa, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ òsì wọn ò sì gbé wọn mọ́. Àga tiwọn wà lọ́hùn-ún nídìí fèrèsé. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀pá wọn ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe? Mo dìde, mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Bàbá jókòó. Mo dúró tì wọ́n, mo ń bá wọn gba ọ̀pá àti fìlà.

Akọ̀wé ní, "Méje dìde, mẹ́rin jókòó." Alága lu tábìlì.

Mo pariwo, "Ẹ dúró! Mi ò dìde o!" Mo sì dúró gbagidi níwájú gbogbo wọn. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Alága ní, "Kánsẹ́lọ̀ onídìrí, ẹ wo ẹsẹ̀ yín." Ó ní òun ti lu tábìlì ná, pé bí mo bá ní ẹjọ́, kó di ìpàdé tó ń bọ̀. Aránṣọ wà lára àwọn tó dìde, kò jẹ́ kí ojú wa pàdé.

Bàbá Ọ̀pá ò tiẹ̀ tíì mọ ohun tí à ń sọ. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ìwọ náà á dàgbà, wọ́n á dìde fún ọ." Mo ní àmín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹnìkan ti ya fọ́tò. Ó ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Èmi rèé láàárín àwọn èèyàn Alága, mo dúró ṣánṣán. Wọn ò ya Bàbá mọ́ ọn, ọ̀pá Bàbá nìkan ló hàn lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣolórí wọn.

Ọkọ mi wò ó títí. Ó ní, "Ìdúró yìí mà dáa o." Mo sọ kóòmù lù ú. Ó ti wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí kò sí ariwo tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àwọn mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n wá dirí lónìí. Ẹyọ kan ló wá, fóònù rẹ̀ ló sì ń wò títí mo fi parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo bá ní ìròyìn rere, wọn ò ní wá. Mi ò tíì débi gọ́tà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹlẹ́tàn!" "Ṣé ẹ̀yin ò bímọ ni?" Ọkùnrin kan tí mo bá wá ṣọ́ọ̀bù fún lọ́dún tó kọjá ní kí n sọ ohun tí Alága fún mi. Mo ní mínírà ni, mi ò sì mu ún. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Mo ṣàlàyé nípa Bàbá Ọ̀pá. Mo ṣàlàyé nípa àga. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ọ létí ara mi. Bí ẹlòmíràn bá sọ irú ẹ̀ fún mi, èmi alára ò ní gbà á gbọ́.

Àbúrò mi dúró lẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ kan nídìí. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ dìde?"

Mo ní, "Mo dìde, ṣùgbọ́n..."

Kò dúró gbọ́ "ṣùgbọ́n". Mo wò ó bó ṣe ń rìn lọ nínú ẹrẹ̀, tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ gbé. Ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ bá akọ̀wé kánsù. Ó ní àwọn tó dúró lòun kà, òun ò ka ohun tó wà lọ́kàn wọn. Òótọ́ ló sọ, ó kàn korò lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje la máa ka àkọsílẹ̀ ìpàdé, pé nígbà náà mo lè ní kí wọ́n tún un ṣe, bí ẹni méjì bá jẹ́rìí sí i. Mo ní kì í ṣe ẹni méjì, mẹ́rin máa jẹ́rìí. Inú mi dùn dé ilé. Orúkọ mi máa mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ń sọ ọ́ fún ọkọ mi níbi tó ti ń jẹun. Ó ní, "Tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára méje, mélòó ló kù?"

"Mẹ́fà."

"Àwọn tó jókòó ńkọ́?"

"Wọ́n á di márùn-ún."

Ó ń jẹun ẹ̀ lọ. Mẹ́fà ju márùn-ún lọ. Orúkọ mi á mọ́, wọ́n á sì ti ilé ìgbẹ̀bí. Inú bí mi sí i pé òun ló kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kò sí oníbàárà, mo jókòó ka ìwé òfin ilé ìgbìmọ̀. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti fún mi, mo kàn fi ń gbé ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun ga ni. Ìwé náà ní àbá tí ilé bá ti fọwọ́ sí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tún un gbé wá láàárín ọdún kan. Mo ní ó tán. Mo wá rí ìlà tó tẹ̀ lé e: àfi bí ọ̀kan nínú àwọn tó dìde fún un bá ní òun yí ọkàn padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbé e wá ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e.

Mo ka àwọn tó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún ti Alága, wọn ò jẹ́ ṣe é láyé. Aránṣọ, bóyá. Ẹni keje ni mí.

Mo pe ọkọ mi wá kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó túmọ̀ sí pé o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n tún orúkọ rẹ ṣe."

"Mo mọ̀."

"O ò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Tí Alága bá rí ẹlẹ́rìí pé o ò dìde tọkàntọkàn, á ní o ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e wá, gbogbo ẹ̀ á sì dòfo."

"Mo mọ̀."

"Ìdìbò wà lóṣù Kọkànlá."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo máa sọ oṣù tí ìdìbò wà fún mi ni?" Mo kígbe mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi bóyá ó sàn ju ilé ìgbẹ̀bí lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbìyànjú Aránṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Keje

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ kún fún aṣọ ilé-ìwé, búlúù kanlẹ̀ dókè. Mi ò tíì kí i tán tó fi ní, "Iṣẹ́ tí Alága fún mi ni." Mo ní mo rí i.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣín. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti dìbò, ìyàwó òun ò bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì wa ló bí ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. "Oúnjẹ ló ń gbé síwájú mi, á ní, 'Ẹ jẹun, ẹ̀yin tí ẹ dìde.'"

Mo sọ nípa òfin yẹn fún un. Mo ní òun ló yẹ kó gbé e wá.

"Èmi?" Ó fi ọwọ́ yí gbogbo búlúù yẹn ká. "Kí Alága kó gbogbo èyí lọ lọ́la? Ẹni mẹ́rin ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, Kánsẹ́lọ̀."

"Bí ẹlòmíràn bá gbé e wá ńkọ́?"

Ó ronú. "Bí ẹlòmíràn bá gbé e wá, tí àwọn tó dìde bá ti pé márùn-ún, mo lè ṣe ẹni kẹfà. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń rántí."

Ojo ni, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún mi. Ó bá mi rán ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì mi tó já, kò gbowó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Mo jẹ́ ìròyìn fún èèyàn mẹ́sàn-án. Mẹ́rin nínú wọn wá láti bú mi. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀tí àti àwọn ewúrẹ́ tó ń rìn kiri. Iná òpópónà kan ti tàn! Wọn ò pàtẹ́wọ́.

Omi bo afárá láti àná. Wọ́n ní ó tó ìbàdí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Bàbá Ọ̀pá fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń bú mi. Wọ́n ní àwọn máa bá àwọn ará wọ́ọ̀dù mi sọ̀rọ̀ fúnra àwọn, pé àwọn làwọn fà á.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dákẹ́."

"Kí n dákẹ́, kí wọ́n máa sọ ọ́ lókùúta nítorí àga tí mo jókòó lé?" Bàbá fi ọ̀pá gún ilẹ̀, oníbàárà mi fò dìde lábẹ́ ẹ̀rọ.

Mo mú wọn lọ sẹ́yìn, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe àgbà, ọmọdé ni ọ́ lójú mi. Èmi ló yẹ kí n ru èyí." Mo ní ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ló máa rù ú. Ojú wọn pọ́n. Èmi náà yíjú sí ògiri.

Lọ́la ni màá gbé àbá mi fún akọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Gbọ̀ngàn kánsù kún fọ́fọ́. Àwọn ará wọ́ọ̀dù mi ló pọ̀ jù lẹ́yìn, ọkọ mi jókòó sáàárín wọn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Ó dé ibi "méje dìde," ó ka orúkọ wa. Tèmi ló kẹ́yìn.

Alága ti rí àbá mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ká tó tẹ̀ síwájú. Mo gbọ́ pé àṣìṣe wà níbẹ̀, pé Kánsẹ́lọ̀ onídìrí kàn ń fún Bàbá wa láyè jókòó ni. A kì í fìyà jẹ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ jẹ́ ká yọ orúkọ wọn, ká kọ ọ́ mọ́ àwọn tó jókòó. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni, Kánsẹ́lọ̀?"

Háà, ọgbọ́n ò tán láyé! Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti oṣù tó kọjá, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo rí ọkùnrin tí mo bá wá ṣọ́ọ̀bù, ó ti la ẹnu sílẹ̀. Kí n kàn ní "bẹ́ẹ̀ ni," orúkọ mi mọ́, wọ́n á fi orin gbé mi délé. Ó wù mí. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi, ó wù mí débi pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Alága. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó fara mọ́ ọn dìde. Mo dìde."

Ariwo ta. "Ó jẹ́wọ́! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀!" Ẹnìkan ṣépè fún mi. Bàbá Ọ̀pá ní, "Rárá o, èmi ni mo..." wọ́n wá rí ojú mi, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n wú ikọ́ náà títí akọ̀wé fi bu omi fún wọn. Bàbá ò níkọ́ rí.

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú Alága. Akọ̀wé ní òfin fún mi láyè, ó sì ka ìlà yẹn sókè. Mo gbé àbá mi kalẹ̀: kí ilé ìgbẹ̀bí wà níbi tó wà, kí wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Alága ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn dìde. Mo dìde. Àwọn mẹ́ta ẹgbẹ́ mi dìde. Bàbá gbé ara wọn sókè lórí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, èèyàn á rò pé òkè ni wọ́n ń gùn. Márùn-ún.

Aránṣọ ń wo bàtà rẹ̀. Akọ̀wé ti nàka, ó ti ń kà. Mo ní, ó tán, mo ti ta orúkọ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni Aránṣọ fò dìde bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún nídìí.

"Mẹ́fà dìde, márùn-ún jókòó." Alága lu tábìlì bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ.

Níta, Aránṣọ ni wọ́n gbé lé èjìká. Wọ́n ní akọni ni. Wọ́n kí Bàbá. Èmi, wọ́n yà fún mi kí n kọjá, bí wọ́n ṣe ń yà fún ẹni tó gbé ìdọ̀tí. Ọkọ mi ti mú bọ́ọ̀sì wá sẹ́nu géètì. Ó ní kí n jókòó níwájú. Mo sunkún láti kánsù dé ilé, ó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa. Orí méjì ni mo dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Obìnrin kan tí mi ò rí rí wá dirí. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní àánú mi ń ṣe òun, pé òun mọ̀ pé irú mi ò lè ṣe irú ẹ̀, kí n sọ òótọ́ fún òun, obìnrin sí obìnrin. Fóònù rẹ̀ wà lórí itan, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ mí. Ta ló rò pé mo jẹ́?

Mo ní, "Ẹ má mi orí. Mo dìde."

Mo dì í le débi tójú rẹ̀ fi fà sẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo jẹ́ ìròyìn. Ilé ìgbẹ̀bí dúró, páànù tuntun ń bọ̀, iná òpópónà di méjì. Wọ́n ní ìtìjú ló jẹ́ kí n yí ọkàn padà. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti Aránṣọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Aránṣọ." Mo bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kò dá. Omi bo afárá. Ọkọ àbúrò mi pè mí lọ́sàn-án, ó ní ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé ilé ìgbẹ̀bí, ọmọ ti dé. Obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì ní okùn ọmọ ló wé e lọ́rùn, pé ká ní ọ̀nà ni wọ́n wà ni... Kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó lọ fọ ọwọ́.

Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. Àbúrò mi ń wò mí láti orí ibùsùn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí a máa rí ara wa láti ọjọ́ tó fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ yín. Mi ò béèrè nǹkan kan mọ́."

Mo ní, "Má béèrè." Mo gbá a mọ́ra, a jọ sunkún. Inú mi dùn, ó dùn, ó dùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án

Mo gbé ọmọ àbúrò mi lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, torí ibà ń ṣe ìyá rẹ̀. Páànù tuntun ti wà lórí, ó ń dán. Èèyàn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì dé ìta. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ wa lọ́wọ́ mi lọ wọ̀n ọ́n.

Ọmọge kan jókòó tì mí, ó gbé ọmọkùnrin dání. Ó ní àwọn ò tíì pé oṣù méjì ládùúgbò, pé ibí lòun bí ọmọ náà sí lọ́sẹ̀ tí àwọn kó dé. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é, mà. Wọ́n ní kánsẹ́lọ̀ ibí yìí gan-an ló dìde pé kí wọ́n ti ibí pa. Obìnrin ẹgbẹ́ wa! Ó tún jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ojú ò tì í."

Nọ́ọ̀sì ti yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti ya ẹnu. Mo wò ó. Ó padà wọlé.

Ọmọge náà ní, "Ẹ jẹ́ kí ìdìbò dé. Èmi àti ọkọ mi ti forúkọ sílẹ̀. A máa fi hàn án."

Mo ní, "Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni."

Wọ́n pè é kó wá mú káàdì. Ọwọ́ rẹ̀ kún, ó wò yíká, ó wá na ọmọ náà sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé e." Mo gbà á. Ọmọ náà wúwo, ó sùn fọnfọn, itọ́ rẹ̀ ń kán sí mi lápá. Mo gbé e títí ìyá rẹ̀ fi dé.